Ibi Tí A Ti Yọ̀: Ọ̀rọ̀ Iná Iwájú Jíìpù Ẹgbẹ́ Wa

 Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Woliwo àti káàkiri ìlú Onitsha, ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá léèrè ohun tí ó fà á tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fi dé Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n ti sin bàbá wa tán, bàbá tí ó bá wa jókòó nípàdé fún ọdún gbọọrọ. A kò ní parọ́ fún yín. Iná iwájú ọkọ̀ ni ó dá wa dúró. Ìtìjú ni fún wa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Jíìpù ẹgbẹ́ ni a gbé lọ, arúgbó ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀. Ọ̀sán ni a kúrò ní Woliwo, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ mú wa mọ́lẹ̀ lẹ́bàá afárá Odò Ọya títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà tí a ó fi kọjá Asaba àti Umunede, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Iná iwájú wa pọ́n bí fìtílà elépo. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn tí ń bọ̀ níwájú ń fọn fèrè mọ́ wa, wọ́n ń ṣẹ́ iná sí wa, wọ́n ń ṣépè. Iná tí kò tó wa ríran, báwo ni ó ṣe wá ń ta wọ́n lójú?

Nígbà tí a kọjá Agbor, ọkọ̀ ńlá kan tí ó bàjẹ́ dúró sójú ọ̀nà, kò ní iná lẹ́yìn. Ó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ kí awakọ̀ wa tó rí i. Inú igbó ni ó yà sí. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Láti ibẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a rìn dé Benin, a sì sun inú ọkọ̀ mọ́jú ní ilé epo kan. Ìgbà tí a dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti bo yẹ̀pẹ̀ tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé a kò tọ́jú ọkọ̀ kí a tó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan. Nígbà àkọ́kọ́, ó pa gílóòbù dà. Nígbà kejì, ó fi èyí tí ó lágbára jù síbẹ̀, ó ní kò séwu. Owó wa lọ, òkùnkùn kò lọ.

Àwọn àgbà ní kì í ṣe ibi tí a ṣubú sí ni à ń wò, ibi tí a ti yọ̀ ni à ń wò. Nígbà tí a padà dé, a gbé jíìpù lọ sọ́dọ̀ rìwáyà mìíràn, ọmọkùnrin Ìgbò kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kò fọwọ́ kan gílóòbù. Ó tan ọkọ̀, ó tan iná, ó sì fi mítà wọn bátìrì: fólítì 14. Ó wọn ẹnu gílóòbù: kò pé 11. Ó ní, “Bàbá, iná yín ń sọnù lọ́nà.” Ó ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ kì í dín kù ní ìwọ̀nba bí fólítì ṣe dín. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì bá sọnù, nǹkan bí 30 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni yóò bá a lọ. Èyí tí ó sọnù ní tiwa mú ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ibi mẹ́ta ni a ti yọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n.

Èkíní ni ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí iná ń gbà láti ara ọkọ̀ padà sí bátìrì. Ọmọ náà mú wáyà kan, ó fi orí kan kan ojú bátìrì tí a so mọ́ ara ọkọ̀, ó fi orí kejì kan ẹ́ẹ̀tì gílóòbù. Kíá ni iná náà funfun. Ṣúkúrúù tí ó di ẹ́ẹ̀tì mú ni ó ti dógùn-ún. Ẹ fi ojú sí èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ní Land Rover àtijọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà han aráyé ní Amsterdam ní ọdún 1948, irin líle ṣọ̀wọ́n nítorí ogun àgbáyé, nítorí náà irin funfun fífúyẹ́, bí èyí tí à ń fi ṣe ìkòkò, ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Níbi tí irin fífúyẹ́ bá ti kan irin líle, tí omi òjò sì dé ibẹ̀, ojú ibẹ̀ a jẹ, a sì yọ eérú funfun. Ẹ tú ṣúkúrúù náà, ẹ fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ dè é padà le, kí ẹ sì fi gíríìsì bò ó.

Èkejì ni súwíìṣì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gbogbo iná tí gílóòbù ń jẹ ni ó ń gba inú súwíìṣì kọjá. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55 ń fa nǹkan bí áḿpìà 9. Bí ẹ bá fi wáàtì 100 síbẹ̀, yóò fà tó áḿpìà 16, súwíìṣì ogbó a sì gbóná. Nígbà tí ọmọ náà tú tiwa, ó ti jó dúdú. Ó dá gílóòbù padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ó sì fi rìlé sí i, kí súwíìṣì lè máa pàṣẹ lásán, kí wáyà tí ó nípọn sì máa gbé iná láti bátìrì lọ tààrà. Ó fi fíùsì sí i nítòsí bátìrì. Ẹ má ṣe fi bébà sìgá dípò fíùsì láéláé. Iná ni ó ń fà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí rìwáyà tó so ohunkóhun, kí ó wo ojú bátìrì tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Land Rover tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1967, ojú alámì àròpọ̀ ni, kì í ṣe ojú alámì àyọkúrò.

Ẹ̀kẹta ni ó dáhùn ìbéèrè wa nípa àwọn tí ń ṣépè. Ẹ̀yin àgbà á rántí pé apá òsì ni a ń tọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò ní apá òsì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó jíìpù wa wá. Wọ́n ti gbé sítíárì rẹ̀ sí òsì kí a tó rà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí iná. Gíláàsì iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè ní apá òsì, kí awakọ̀ lè rí ẹni tí ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́nà tiwa, òsì ni ẹni tí ń bọ̀ wà. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó kù fún wa, ojú ọlọ́jà ẹlẹ́gbẹ́ wa ni a ń dà á sí. Yíyí ṣúkúrúù kò wo èyí sàn. Ẹ pa gbogbo gíláàsì iná náà dà sí ti apá ọ̀tún. Ẹ béèrè fún un ní ọjà èèlò ọkọ̀ ní Nkpor tàbí ní Nnewi.

Láti mọ̀ bóyá iná dára, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí ó tẹ́jú, kí ó jìnnà sí ogiri ní mítà 7.5. Ẹ rẹ iná sílẹ̀. Kí etí òkè ìmọ́lẹ̀ náà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5 wà nísàlẹ̀ ibi tí àárín gílóòbù ga dé. Bí apá kan bá ga ju èkejì lọ, ọ̀tún ni kí ó jẹ́.

Ẹgbẹ́ ti fa ìlà sára ògiri ilé ìpàdé wa. Láti ìsinsìnyí lọ, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé aṣojú wa lọ sílé, ìbáà ṣe fún Iléyá, ìbáà ṣe fún Kérésìmesì, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, àfi tí ó bá kọ́kọ́ dúró níwájú ògiri yẹn lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tiyín, ẹ gbé e wá. A kò ní gba kọ́bọ̀.

A tún bẹ opó bàbá wa àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n foríjì wá. A ó wà níbi àdúrà ogójì ọjọ́, ojúmọmọ ni a ó sì rìn. A kí àwọn ìyá méjì tí wọ́n bímọ ní Woliwo lóṣù yìí kú ewu. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ gbogbo wa lọ, kí ó máa ṣọ́ wa bọ̀.