Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo ni orin "Agolo" ṣe dé ìdíje Grammy?

Ṣé orin tí a fi èdè ilé wa kọ lè gba ayé kan? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo Angélique Kidjo, olórin tó kọ "Agolo".

1. Ta ni?
Wọ́n bí i ní Ouidah lọ́dún 1960. Fọ̀n ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Nígbà ìjọba Ààrẹ Kérékou ní Bẹ̀nẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n sọ orin òun di orin ìyìn ìjọba. Torí náà, ní 1983, ó kọrí sí Paris.

2. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe "Agolo"?
Òun àti ọkọ rẹ̀, Jean Hebrail, ló jọ kọ ọ́. Ó wà nínú àwo "Ayé" tó jáde ní 1994. Paisley Park, ilé ìgbohùnsílẹ̀ olórin Prince ní Amẹ́ríkà, àti London ni wọ́n ti ṣe àwo náà.

3. Kí ni orin náà ń sọ?
Pé ká tọ́jú ilẹ̀ tó ń bọ́ wa. Ìlù rẹ̀ sì le débi pé ẹni tí kò gbọ́ èdè náà ń jó.

4. Báwo ni ayé ṣe gbà á?
Wọ́n yan fídíò "Agolo" fún àmì-ẹ̀yẹ orin Grammy ní 1995. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ náà, ṣùgbọ́n Kidjo gba Grammy rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2008 pẹ̀lú àwo "Djin Djin". Ó ti gba márùn-ún báyìí!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin wa, ẹ má tijú èdè yín.

Orin Kidjo wo lẹ fẹ́ràn jù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì pín in fún ọ̀rẹ́.