Atẹ̀wé Ṣómólú tó ń lọ ra ẹ̀rọ ní Ṣáínà: àwọn áàpù tó yẹ kó wà lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó wọ bàálù

Ẹni tó bá gba àdúgbò Ṣípéolú kọjá ní Ṣómólú láàárọ̀ kò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé àárín àwọn atẹ̀wé lòun wà. Ariwo ẹ̀rọ, òórùn íǹkì, ọmọ iṣẹ́ tó ru bébà lórí, gbogbo ẹ̀ ló ń fọhùn. Nígbà kan, ẹ̀rọ Heidelberg àlòkù láti Jámánì lẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ máa ń wá kiri. Ní báyìí, Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà àti èyí tó ń gé bébà ti ń wá, àwọn oníṣòwò mìíràn sì gbà pé ó sàn káwọn fẹsẹ̀ ara àwọn dé Guangzhou ju káwọn máa fún alágbàtà lówó lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa ọjà ńlá Canton Fair láti ọdún 1957, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Ọ̀nà jìn, ẹni tó bá sì gba Addis Ababa yóò pààrọ̀ bàálù níbẹ̀. Àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá balẹ̀ tán lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Google, Facebook àti Gmail. Ẹ rò ó wò: inú Gmail ni ìwé iye owó ẹ̀rọ wà, inú ẹ̀ náà ni àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń lọ wà. Ẹ ya gbogbo ẹ̀ sórí fóònù nílé, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú. Ẹ̀yin lẹ kúkú ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Èyí tó ṣe kókó jù ni WeChat, torí ibẹ̀ làwọn ará ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Áàpù yìí sábà máa ń ní kí ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ fi fóònù rẹ̀ ya àmì QR kan láti ṣe onídùúró yín. Ní Èkó, ẹ óò rí ẹni bẹ́ẹ̀. Ní pápákọ̀ òfuurufú Baiyun lóru, ta lẹ fẹ́ bẹ̀?

Owó ló kàn. Láti ọdún 2023 ni Alipay ti rọ àlejò lọ́rùn láti so káàdì Visa tàbí Mastercard mọ́ ọn. Ohun tí kò bá ju 200 yuan lọ kò ní owó orí, èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọn yóò yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Inú Alipay yìí kan náà lẹ ti lè pe takisí Didi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé káàdì náírà. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dá lílò rẹ̀ lókè òkun dúró. Àwọn kan ṣí i padà ní 2025, pẹ̀lú gbèdéke. Káàdì àkáǹtì dọ́là ló fọkàn balẹ̀ jù, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ áàpù náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Owó ẹ̀rọ gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ Alipay. Báńkì sí báńkì ni, sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín lójijì pé àkáǹtì ti yí padà, ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó. Ẹ pè é kẹ́ ẹ rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, tàbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, ẹ ṣáà ti wà nílùú wọn. Báyìí lowó tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kó jọ ṣe ń lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ti èdè, ẹ wa áàpù ìtúmọ̀ tó ní Chinese sórí fóònù lọ́nà tí yóò fi ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí iye owó ṣá o, ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù ju atúmọ̀ èyíkéyìí lọ: ẹ tẹ iye yín, kó tẹ tiẹ̀. Ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì kọ àdírẹ́sì wọn ní Chinese fún yín, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Máàpù Google kò ṣeé fọkàn tán níbẹ̀. Amap làwọn ọmọ onílùú ń lò.

Àwọn kan yóò ní kẹ́ ẹ lo VPN. Òfin ibẹ̀ kò fàyè gba èyí tí ìjọba wọn ò fọwọ́ sí. Síìmù Nàìjíríà tẹ́ ẹ bá ṣí fún ìlò òkè òkun sábà máa ń jẹ́ kí WhatsApp ṣiṣẹ́, torí ó ń gba ilé wá, àmọ́ ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí owó yín má baà tán lọ́jọ́ kan.

Fóònù tó kú kò wúlò fẹ́nì kankan. Inú báàgì ọwọ́ ni kí pawa báńkì wà, kó má sì ju 100 Wh lọ. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, 2025, èyí tí kò bá ní àmì 3C kò gbọdọ̀ wọ bàálù tó ń fò láàárín Ṣáínà.

Ẹ fi WeChat sórí fóònù ẹni tẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún pẹ̀lú. Bí aago bá lu mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Bàrígà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Guangzhou, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti ń múra àtilọ sílé.