Bírékì Ọwọ́ Ò Di Ọkọ̀ Mú Mọ́! Ohun Tí Land Rover Àtijọ́ Fi Ojú Wa Rí Lọ́nà Oko Ìdànrè

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ máa ń wọ oko lọ ra ọjà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí awakọ̀ bá fa bírékì ọwọ́ sókè títí tó fi dún kà-kà-kà, tí ọkọ̀ tún ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè, kí lẹ máa ṣe?

Èmi ò ṣe nǹkan kan o. Mo dúró bí ère. Ọmọ ọkọ̀ ló gbà mí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Land Rover Series III tí bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, rà ní gbàǹjo ìjọba kí wọ́n tó bí mi, òun ni ìyá mi fi ń kó ọjà láti inú oko lẹ́yìn Ìdànrè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ nígbà òjò kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Amọ̀ ni, òkè ni, àpáta ni. Mọ́tò kékeré tó bá kó sí i, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá rí katakata tí yóò fà á jáde.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú. Èmi àti ọmọ ọkọ̀ wà lórí ẹrù, ìyá mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. A gun òkè kan dé ìlàjì, la bá gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò yí. Dẹ́rẹ́bà tẹ bírékì ẹsẹ̀, ọkọ̀ dúró. Ó fa bírékì ọwọ́, ó ní ká sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Èmi bẹ́ sílẹ̀, mo lọ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an. Ẹ ò rí i pé ọmọdé ṣì ń ṣe mí! Bí dẹ́rẹ́bà ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bírékì báyìí, Land Rover bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá bá mi, tòun ti gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ tì mí sínú koríko, ó ju igi wẹ́ẹ̀jì sí abẹ́ táyà. Igi yẹn ló dá ọkọ̀ dúró.

Mo rò pé bírékì ọwọ́ ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni bírékì ọwọ́ máa ń dì mú. Ti àwọn Land Rover àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ní àárín ni tirẹ̀ wà, lẹ́yìn àpótí gíà. Irin gígùn tó ń yí lọ sí àsùlù ẹ̀yìn, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní púròpẹ́là, ni ó ń dì mú. Púròpẹ́là di àsùlù mú, ṣáàfùtù méjì tó wà nínú àsùlù sì wá di táyà mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ṣáàfùtù kan bá já, ó parí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn so ewúrẹ́ mọ́ igi tí okùn wá já láàrín. Igi dúró, ewúrẹ́ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú ọkọ̀ yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ̀ ọ́ lọ sóko: ẹ má fi bírékì ọwọ́ nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ fi igi tàbí òkúta sí abẹ́ táyà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, ohun kan náà ni. Táyà tó bá ti kúrò nílẹ̀ lè máa yí lófo, èyí tó kù á sì máa rìn lọ bó ti wù ú, bírékì ọwọ́ á wà ní fífà, ọkọ̀ á sì bọ́ lórí jáàkì. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

TA LÓ ṢẸ́ ṢÁÀFÙTÙ?

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ ló bá wa tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọ̀pá kékeré kan wà nínú Land Rover tí orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ pupa. Bí o bá tẹ olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọkọ̀. Ìyẹn ni fọ́ọ̀-wíìlì. Bí o bá fa olórí pupa sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ dúró, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà, gíà á sì tún wúwo, ọkọ̀ á máa rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá. Mẹkáníìkì wa tẹ olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wa, tó jẹ́ ẹni tuntun, kò mọ̀. Ó fi wa ọkọ̀ lórí títì ọlọ́dà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Sìtíárìn le bí òkúta, táyà ń jẹ lọ, ọkọ̀ ń dún. Ó padà lọ béèrè, mẹkáníìkì ní, "Agbára ọkọ̀ ni."

Agbára kọ́, ìparun ni! Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ìrìn táyà iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, kò sí wàhálà, táyà á yọ̀ díẹ̀, á sì bá ara wọn mu. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà ò lè yọ̀. Nítorí náà àwọn irin inú ọkọ̀ ló máa ń lọ́, bí ìgbà tí ìyàwó méjì bá di aṣọ òfì tútù mú lórí méjèèjì tí wọ́n ń fún un. Aṣọ kò ní já lọ́jọ́ kan. Ṣáàfùtù náà kò já lọ́jọ́ kan. Ó ti ṣán kí ọjọ́ oko tó pé. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà sì wá mọ̀ pé fọ́ọ̀-wíìlì ló wà níbẹ̀, tó yọ ọ́, ẹ̀rù rẹ̀ wá ń bà á débi pé kò lò ó nínú ẹrẹ̀ tí ó yẹ kó ti lò ó.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nìyí, nítorí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ fa olórí pupa sẹ́yìn, kí ẹ tún tì í padà síwájú. Olórí yẹ́lò á fò sókè fúnra rẹ̀.

ÌYÁ MI GBÉ SÍPÁNÀ

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò sí ilé nítòsí. Dẹ́rẹ́bà ní òun máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ Ìdànrè lọ wá mẹkáníìkì. Ìyá mi ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ mi. Bàbá wọn ti ṣe èyí lójú mi rí. Èmi ni mo máa ń bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú."

Wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi òkúta di táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà tú bóòlùtì mẹ́fà tó wà ní àárín táyà ẹ̀yìn, kó sì fa ṣáàfùtù jáde. A ò lo jáàkì rárá. Iṣẹ́ ṣáàfùtù ọkọ̀ yìí ni láti yí táyà, kì í ṣe láti gbé ẹrù ọkọ̀, nítorí náà tí ẹ bá yọ ọ́, táyà á ṣì dúró síbi tó wà. Ti apá òsì jáde ní odidi. Ti apá ọ̀tún jáde ní àbọ̀, orí rẹ̀ kù sínú. Wọ́n wá ọ̀pá irin gígùn kan, wọ́n tì í láti apá òsì, àjákù náà bọ́ jáde lápá kejì. Ìyá mi ní bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè lọ jẹ eyín irin tó wà nínú àsùlù, owó ìyẹn ò sì ṣe é gbọ́. A fi ọ̀rá àti rọ́bà dí ihò méjèèjì kí ẹrẹ̀ má baà wọlé.

"Ó yá, tẹ olórí yẹ́lò," ni wọ́n wí. Ẹ wo bí táyà iwájú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá! Ọkọ̀ tó kú sórí òkè gbéra. Àmọ́ agbára táyà méjì kò tó ẹrù náà, a ní láti já ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ sí ahéré kan. Nígbà tí a fi máa padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, èyí tí ewúrẹ́ ò jẹ ti pọ́n rọ̀. Ẹkún ìyá mi ọjọ́ yẹn, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

IBI MÉJE NI WỌ́N Ń BU Ọ́ÌLÌ SÍ

Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, wọ́n júwe bàbá àgbàlagbà kan fún wa tí ó ti ń tún Land Rover ṣe láti ìgbà tí ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ ìjọba ṣì ń lò wọ́n. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó mi orí.

"Ìyá Alágbagbà, ibo àti ibo lẹ ń bu ọ́ìlì sí?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, Bàbá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló tún kù?"

Ìyá mi dákẹ́. Bàbá wá kà á: ẹ́ńjìnnì, àpótí gíà, àpótí gíà kejì tó so mọ́ ọn lẹ́yìn, àsùlù iwájú, àsùlù ẹ̀yìn, àti àwọn irin roboto méjì bí bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn táyà iwájú ní ọ̀tún àti òsì. Méje, ká má tíì ka ti sìtíárìn. Ẹ́ńjìnnì ń gba bíi lítà 6, àsùlù kọ̀ọ̀kan kò tó lítà 2, irin roboto kọ̀ọ̀kan bí ìdajì lítà. Mẹ́fà nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò wò láti ìgbà tí bàbá mi ti kú!

Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe nìyí, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tú bóòlùtì tí a fi dé ihò ìbuọ́ìlì lára àsùlù, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ọ́ìlì bá wà ní ẹnu ihò, ó pé. Bí kò bá sí, ẹ bu gíà ọ́ìlì 90 sí i títí yóò fi máa kán jáde. Bí ọ́ìlì tó jáde bá funfun bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gba inú odò kọjá. Ẹ dà á nù, ẹ bu tuntun. Ihò atẹ́gùn kékeré kan tún wà lórí àsùlù. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ọ́ìlì á wá ọ̀nà mìíràn gbà jáde, ó sì lè jáde sínú bírékì.

Bírékì ló wá bí Bàbá nínú jù lọ. Ó ní àwọn kan máa ń bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú agolo bírékì nígbà tí ojúlówó omi bírékì bá tán. Rọ́bà inú bírékì á wú, á rọ̀, bírékì á sì kọ̀ lójijì. Ẹ má ṣe é láé! Bí ọwọ́ ò bá tíì tó omi bírékì, kí ọkọ̀ sùn sílé. Ó sì kọ́ dẹ́rẹ́bà wa pé kó má fi ẹsẹ̀ lé bírékì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kó dúró ní orí òkè, kó fa olórí pupa, kó fi gíà kìíní sọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa di ọkọ̀ mú.

Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé ṣé kò yẹ kí a ta ọkọ̀ náà fún àwọn oníàjákù irin, pàápàá láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, nítorí Land Rover yìí a máa mu epo bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ oníwèé ìròyìn, gbá ara rẹ̀ wò." Mo gbá a. Irú irin tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò ìdáná wa yìí ni. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde nílùú Òyìnbó. Irin líle ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n sì fi èyí ṣe ara rẹ̀. Nítorí náà ara kì í dípàtà. Ṣáàsì abẹ́ rẹ̀ ni irin gidi, òun ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn oko, kì í ṣe ara tí ayé ń rí nìkan.

Ní ti ẹ̀yà ara ọkọ̀, ọdún 1985 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe Series III, ṣùgbọ́n Leyland tó wà ní Ìbàdàn to Land Rover jọ nígbà kan, àlòkù ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀. Ìyá mi wọ ọkọ̀ lọ sí Gate, ní Ìbàdàn. Wọ́n ná ọjà bí wọ́n ṣe ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣáàfùtù méjì ni wọ́n rà dípò ẹyọ kan, èyí tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ àga dẹ́rẹ́bà títí dòní, tòun ti sípánà, igi wẹ́ẹ̀jì mẹ́rin àti gálọ́ọ̀nù omi. Èyí tó já, wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn lálẹ́.