Ọṣẹ Àfọwọ́ṣe àti Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Bá A Rìn

Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti lo ọṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi í wẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò mọ bí a ti ń ṣe é. Ní ọdún 1923 ni ilé-iṣẹ́ Lever Brothers dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa ṣe ọṣẹ. Tipẹ́tipẹ́ kí ó tó di ìgbà náà ni àwọn ìyá wa ti ń se ọṣẹ dúdú. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń ṣe ọṣẹ nílé, yálà fún ìlò ara wọn tàbí fún títà. Iṣẹ́ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí yóò bá ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àṣìṣe ń gbà wọlé.

Ohun méjì pàtàkì ni ó ń di ọṣẹ: èkíní ni òróró, èkejì ni omi kíkan-kíkan tí ń jẹ òróró náà, tí ó sì ń yí i padà. Àwọn ìyá wa a máa sá èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbẹ, wọn a sun ún di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọn a sì da omi lé e lórí. Omi eérú tí ó bá kán sílẹ̀ ni wọn yóò gbé kaná pẹ̀lú àdín tàbí epo pupa, tí wọn yóò sì máa rò ó títí yóò fi di ọṣẹ. Pọ́táàṣì ni ó wà nínú eérú yìí, ọṣẹ rírọ̀ ni pọ́táàṣì sì máa ń ṣe. Ìdí nìyí tí a fi lè fi ọwọ́ ṣù ọṣẹ dúdú, kí a sì fi ewé pọ́n ọn. Ọṣẹ líle yàtọ̀. Sódà tí àwọn ènìyàn ń pè ní kọ́sítíìkì ni a fi ń ṣe é. Omi ni ó dàbí nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó, nítorí náà a ní láti wá ohun tí a ó dà á sí kí ó lè dì.

Àṣìṣe kìíní ni àìwọn nǹkan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kì í ṣe iye sódà kan náà ni gbogbo òróró ń fẹ́. Òróró ekùrọ́ tí ó wọn 1,000 gráàmù yóò gba sódà bí 175 gráàmù. Ṣùgbọ́n epo pupa tí ó wọn iye kan náà kò ní gbà ju bí 140 gráàmù lọ. Bí ẹnì kan bá fi epo pupa rọ́pò òróró ekùrọ́ láì dín sódà kù, nǹkan bí 35 gráàmù yóò ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ náà, èyí tí yóò bó awọ ara ẹni tí ó bá fi wẹ̀. Bí sódà bá sì kéré jù, ọṣẹ náà yóò rọ̀, yóò sì máa yọ òróró. Òṣùwọ̀n ni kí a lò, kí a má ṣe fi ife bù ú lásán.

Àṣìṣe kejì ni ó burú jù, nítorí ó lè ba ojú jẹ́ tàbí kí ó gba ẹ̀mí. Sódà ni a ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi lé sódà lórí, nítorí yóò hó lójijì, yóò sì ta sí ènìyàn lójú. A kò gbọdọ̀ pò ó nínú ìkòkò àlùmíníọ́mù, nítorí sódà a máa jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná a sì máa jáde. Bí ó bá ta síni lára tàbí lójú, omi tútù tí ó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí a sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe fi epo tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ omi sódà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní béèrè kí ó tó gbé e mu, omi náà yóò sì jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ débi pé oúnjẹ lè má rí ọ̀nà kọjá mọ́.

Ó wá ku ohun tí a ó da ọṣẹ sí. Àpótí pákó dára, bí a bá tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọṣẹ yóò jò gba ojú ibi tí pákó ti pàdé, èyí tí ó kù yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Abọ́ ike tí ó ṣeé tẹ̀ dára pẹ̀lú, nítorí a lè tẹ ìdí rẹ̀ kí ọṣẹ bọ́ sílẹ̀. Agolo mílíìkì kò dára tó bẹ́ẹ̀: etí rẹ̀ a máa há ọṣẹ mọ́ inú, ìpẹtà rẹ̀ a sì máa ba àwọ̀ ọṣẹ jẹ́. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí a sá fún pátápátá, nítorí àlùmíníọ́mù ni òun náà.

Bí òróró bá léfòó sókè lẹ́yìn tí a da ọṣẹ tán, a kò rò ó tó ni; ó yẹ kí ó ki bí ògì kí a tó dà á. Bí ó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí ó sì ń ta ahọ́n tàbí tí ó ń jó ọwọ́, sódà rẹ̀ ti pọ̀ jù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í wẹ̀. Èyí tí ó bá sì dára, kí a gé e, kí a tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, kí ó sì le.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó ń kánjú lè ṣe ọṣẹ tán ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọn nǹkan, tí ó ń ṣọ́ ojú rẹ̀, tí ó sì ní sùúrù, ni ọṣẹ rẹ̀ yóò fọ ara láì bó o.