Owó Ìrànwọ́ fún Ilé-iṣẹ́ Nígbà Ìfàsẹ́yìn Ọrọ̀-ajé: Kí Ni Àdéhùn Ìpèsè-iṣẹ́ Ń Béèrè?

Nígbà tí ọjà bá dá, tí owó kò sì yí mọ́ bí ó ti yẹ, ohùn méjì ni ìjọba máa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onílé-iṣẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́ kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará ìlú sì ń béèrè iye iṣẹ́ tí ìrànwọ́ náà yóò mú wá. Méjèèjì ló tọ́. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń so owó ìrànwọ́ mọ́ ìpèsè-iṣẹ́, àti ohun tí a lè ṣe bí àdéhùn kò bá ṣeé mú ṣẹ.

Ìrànwọ́ lè jẹ́ ẹ̀bùn owó, ẹ̀dínwó owó-orí tàbí ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ọdún 2016 ni ó dá àjọ LSETF sílẹ̀, ní ọdún tí Nàìjíríà wọ ìfàsẹ́yìn ọrọ̀-ajé. Ìjọba ìpínlẹ̀ pinnu láti fi bílíọ̀nù 25 náírà sínú rẹ̀ láàrin ọdún mẹ́rin, kí àwọn oníṣòwò kéékèèké lè rí owó yá, kí iṣẹ́ sì pọ̀ sí i.

Ìdí tí a fi ń béèrè iye òṣìṣẹ́ ni pé owó gbogbo wa ni. Ẹni tí ó rí iṣẹ́ ń bọ́ ilé rẹ̀, ó ń náwó lọ́jà, owó-orí tí a ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ sì ń wọ àpò ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé. Nítorí náà, àdéhùn tó dára gbọ́dọ̀ sọ iye òṣìṣẹ́, ọjọ́ tí a ó kà wọ́n, àti irú iṣẹ́ tí a ó kà. Òṣìṣẹ́ tí a kàn gbé láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn kì í ṣe iṣẹ́ tuntun. Ìwé owó-orí àti ti owó ìfẹ̀yìntì ni ẹ̀rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan gba mílíọ̀nù 10 náírà, ó sì ṣèlérí òṣìṣẹ́ 20. Owó ìyẹ̀fun wá gbówó lórí, òṣìṣẹ́ 12 péré ni ó lè gbà. Bí ìjọba bá gba gbogbo owó padà, àwọn 12 náà lè pàdánù iṣẹ́. Bí ó bá sì fojú fo gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé ìyà ni a fi jẹ ẹni tí ó mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ. Ọ̀nà àárín wà: a lè fi ọdún kan kún àkókò rẹ̀, tàbí kí ó dá mílíọ̀nù 4 padà díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣẹ́ 8 tí kò wáyé.

Ọ̀nà mìíràn ni kí iṣẹ́ ṣáájú owó. Ní ọdún 2017, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà bá Foxconn ṣe àdéhùn fún iṣẹ́ tó tó 13,000, pẹ̀lú ìrànwọ́ tó sún mọ́ bílíọ̀nù 3 dọ́là. Nígbà tí iye òṣìṣẹ́ kò pé, ìpínlẹ̀ náà kọ̀ láti san ẹ̀dínwó owó-orí ní ọdún 2020. Ní ọdún 2021, wọ́n dín àdéhùn náà kù sí iṣẹ́ 1,454 àti mílíọ̀nù 80 dọ́là. Àmọ́ owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ná sórí ilẹ̀ àti ọ̀nà ti lọ ná.

Nígbà ìfàsẹ́yìn, iṣẹ́ tí a dá dúró kí ó má baà bọ́ ṣe pàtàkì bí iṣẹ́ tuntun. Ìdí nìyí tí ètò Survival Fund ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2020 fi ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ láti san owó òṣìṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ẹ bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò yín gba ìrànwọ́, ẹ béèrè: iṣẹ́ mélòó ni ó ṣèlérí, ta ni yóò kà á, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí kò bá pé? Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ̀.