Èjìká Gígan Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ, àti Bí A Ṣe Lè Yan Ìtọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bẹ tí í mú kí ọwọ́ àgbàlagbà pàápàá má tó pẹpẹ mọ́. Àgbẹ̀ tí ó bá mú kò lè gbé àdá sókè kí ó fi ṣán igbó. Ìyá tí ó bá mú kò lè wé gèlè fúnra rẹ̀, kò lè pọn ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ aládìrẹ ní Ìtòkú, kò lè na aṣọ sórí okùn kí ó gbẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ó sì fi ìhà ibẹ̀ dùbúlẹ̀, ìrora a jí i lójú oorun. Èjìká gígan ni a ó máa pe àìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kà á mọ́ làkúrègbé, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni, ọ̀tọ̀ sì ni ìtọ́jú rẹ̀.

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 60 ọdún ni ó sábà máa ń mú, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nínú 100 ènìyàn, a ṣírò pé bí 2 sí 5 ni ó máa ń ní in. Ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí a tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣùgbọ́n àwọn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì nínú ojú ìwé yìí ni àwọn tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí a gé ọmú rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, ẹni tí a to eegun apá rẹ̀ tàbí tí a rán iṣan èjìká rẹ̀, gbogbo wọn ni èyí lè bá, pàápàá bí wọ́n bá ká apá mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọgbẹ́ a san, a ó ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ni apá yóò kọ̀ láti gòkè. Àwọn kan a ní dókítà ni ó gé iṣan. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Ìbéèrè tí ó sì ń dà wọ́n lọ́kàn rú ni èyí: ṣé kí a tún padà sábẹ́ ọ̀bẹ ni, tàbí kí a fi apá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ọ̀nà púpọ̀ wà láàárín méjèèjì, ó sì tọ́ kí a tọ̀ wọ́n ní ẹsẹẹsẹ.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÈJÌKÁ

Orí eegun apá rí roboto, ó sì jókòó sínú kòtò kékeré kan lára eegun èjìká, gẹ́gẹ́ bí ọmọ odó ti í jókòó sínú odó tí kò jìn. Awọ rírọ̀ kan yí oríkèé náà ká bí àpò. Nígbà tí ara bá le, àpò yìí a máa gbòòrò bí apá agbádá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí apá fi lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nínú èjìká gígan, àpò náà a kọ́kọ́ wú, a sì máa ro ni. Lẹ́yìn náà a nípọn, a sì súnkì bí awọ tí a sá sí oòrùn. Kì í ṣe àìsàn titun. Duplay, oníṣègùn ará Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1872. Ní 1934, Ernest Codman ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní èjìká tí ó dì, bí omi ti í dì. Ní 1945, Julius Neviaser, ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú, fi hàn pé nínú àpò oríkèé ni àrùn náà wà.

Ìpele mẹ́ta ni ó ní. Ní ìpele kìn-ín-ní, ìrora ni ó pọ̀ jù, ó sì lè tó oṣù 2 sí 9. Ní ìpele kejì, ìrora a dínkù ṣùgbọ́n apá a gan, fún bí oṣù 4 sí 12. Ní ìpele kẹta, apá a bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀, èyí sì lè gba oṣù 5 títí dé ọdún 2. Ní àpapọ̀, ọdún 1 sí 3 ni ó sábà máa ń gbà, gígan díẹ̀ sì lè kù sí àwọn mìíràn lára. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ kì í hú u ní oṣù kejì láti wò ó bóyá ó ti ta. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹni tí èjìká rẹ̀ gan sọ ìrètí nù ní oṣù kejì.

Bí iṣan èjìká bá já, aláìsàn lè má lè gbé apá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn sábà lè bá a gbé e. Nínú èjìká gígan, apá kò gòkè fún aláìsàn, kò sì gòkè fún ẹni tí ó ń bá a gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán èyí wò nílé lára èjìká tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Dókítà ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ya àwòrán eegun bí ó bá rí i pé ó yẹ.

ÌSINMI TÍ Ó PỌ̀ JÙ

Ọgbẹ́ fẹ́ ìsinmi ní tòótọ́, ṣùgbọ́n oríkèé kò fẹ́ ẹ pẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú, àwọn olùtọ́jú sábà máa ń ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù láti máa la ọwọ́ kí ó sì máa pa á dé, kí ó máa ká ìgbọ̀nwọ́, kí ó sì máa yí èjìká ní jẹ́jẹ́. Gbígbé apá ga ju èjìká lọ ni wọn yóò ní kí ó dúró dè. Ẹni tí a rán iṣan èjìká rẹ̀ ní òfin tirẹ̀, nítorí bí ó bá yára jù, ohun tí a rán lè já. Nítorí náà, kí aláìsàn tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ó béèrè pé: Èwo ni mo lè mì lónìí? Èwo ni kí n fi sílẹ̀, títí di ọjọ́ wo? Kí ó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

ÌTỌ́JÚ NÍ ẸSẸẸSẸ

Èkíní, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àtọ̀gbẹ. Ẹlòmíràn ti ní in kí ó tó mọ̀, èjìká tí ó gan ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Èjìká alátọ̀gbẹ a sì máa pẹ́ kí ó tó tú ju ti ẹlòmíràn lọ.

Èkejì ni ìdárayá, lábẹ́ ìtọ́ni àwọn tí ń fi ìdárayá wo oríkèé àti iṣan sàn, tí à ń pè ní fisiotẹ́rápísìtì. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ irú wọn láti 1966. Àwa Ẹ̀gbá kì í sì í ṣe àjòjì sí ilé ìwòsàn: láti 1895 ni Fadá Coquard ti dá ti Lántòrò sílẹ̀; ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà bẹ̀rẹ̀ ní 1993; ti Igbóbì ní Èkó, tí ó wà fún eegun àti oríkèé, sì ti wà láti 1945. Bí dókítà bá ti yọ̀ǹda, a lè máa ṣe mẹ́ta wọ̀nyí nílé:

1. Kí a tẹ̀ síwájú, kí a fi ọwọ́ tí ó dá ti tábìlì, kí apá tí ó gan rọ̀ sílẹ̀ kí ó sì máa fì jẹ́jẹ́ bí agbè tí a so rọ̀.
2. Kí a dojú kọ ògiri, kí a fi ìka rìn sókè lára rẹ̀ títí a ó fi rí i pé ó ń fà wá, kí a dúró díẹ̀, kí a sì rìn padà.
3. Kí a dùbúlẹ̀, kí ojú wa kọ òkè, kí a fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, kí èyí tí ó dá máa bá èyí tí ó gan gbé e sókè.

Ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, tí a fún, tí a sì gbé lé èjìká ṣáájú, a máa dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí alátọ̀gbẹ tí ara rẹ̀ kú tìpiri ṣọ́ra kí ó má baà jóná. Fífà kò burú, ṣùgbọ́n bí ìrora bá wà títí di ọjọ́ kejì, a ti ṣe é jù.

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù tí dókítà ń gún sínú oríkèé. Ó ń pa ìrora, ó sì wúlò jù ní ìpele kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́. Ìdárayá ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ ga fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà kí ó sọ fún dókítà ṣáájú. Àwọn dókítà kan a sì máa fi omi iyọ̀ fẹ àpò tí ó súnkì náà.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ abẹ, èyí tí ó wà fún èjìká tí ó kọ̀ láti tú lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Oríṣi méjì ni. Nínú ọ̀kan, a ó kun aláìsàn lóorun, dókítà yóò sì fi ọwọ́ yí apá náà títí àpò yóò fi là. Nínú èkejì, a ó dá ihò wẹ́wẹ́ sí èjìká, a ó sì fi irinṣẹ́ tínrín gé àpò náà. Lẹ́yìn èyíkéyìí, ìdárayá kò ní àfirọ́pò.

Èwo ni ó dára jù? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fi àwọn ènìyàn 503 ní ilé ìwòsàn 35 dán àwọn ọ̀nà mẹ́ta wò, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: oríṣi iṣẹ́ abẹ méjèèjì yìí, àti ìdárayá pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ara àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yá gidigidi, kò sì sí èyí tí ó fi ọ̀nà jíjìn borí àwọn yòókù. Ewu ńlá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ pẹ̀lú gígé àpò, àti lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú yíyí apá lójú oorun. Ìwádìí náà kò ka àwọn tí èjìká wọn gan nítorí ìfarapa ńlá mọ́ wọn, nítorí náà kí ẹni tí ó ti iṣẹ́ abẹ dé bi dókítà léèrè bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti rí. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe kedere: kí a má ṣe sáré lọ sábẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí a kò tí ì fi tọkàntọkàn tọ ọ̀nà tí ó rọrùn jù.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára yọ́ apá náà tàbí fi igi dì í pinpin. Eegun lè ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè má ṣàn dé ọwọ́. Kí a má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí apá tí a ti yọ kókó abíyá rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ ọmú, nítorí ọgbẹ́ kékeré lè sọ apá náà di wíwú. Kí a má ṣe máa ra oògùn ìrora jẹ lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ibà bá dé, tí èjìká pọ́n tí ó sì gbóná, tí ojú ọgbẹ́ ń ṣe ọyún, tí apá wú lójijì, tàbí tí ìrora àyà àti àìlèmí dalẹ̀ bá a rìn, ilé ìwòsàn ni kí a lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí aláìsàn dúró ti ògiri kan náà, kí ó fi èédú sàmì sí ibi tí ìka rẹ̀ dé, kí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀bá ojú ìwé oṣù náà nínú àlímánáákì yìí. Bí àmì bá ń gòkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìka kan péré, kí ó máa bá a lọ. Bí ó bá dúró lójú kan fún oṣù mẹ́ta, kí ó gbé ìwé náà tọ dókítà lọ, kí wọ́n sì jọ yan ìgbésẹ̀ tí ó kàn.