Ọkọ̀ àtijọ́: kí á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, tàbí kí á ra òmíràn?

Ọ̀nà tí ó ti Atakpamé lọ sí Badou kì í ṣàánú ọkọ̀. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń lọ́ kiri láàárín oko kọfí àti kòkó. Ọkọ̀ tí ó ti darúgbó kò lè fi ara pamọ́ níbẹ̀: èéfín á máa rú, omi á máa hó. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ inú ilé. Ọkọ ń fẹ́ kí á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Aya ń béèrè bóyá kò sàn kí á ta ọkọ̀ náà, kí á fi owó ìkórè kún un, kí á ra òmíràn. Inú owó kan náà sì ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1994, iye owó CFA já wálẹ̀ sí ìdajì. Tẹ́lẹ̀, 50 F CFA ni à ń san fún fáráǹkì ilẹ̀ Faransé kan. Láti ọjọ́ náà, ó di 100. Ọkọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 10 000 fáráǹkì lọ́hùn-ún, tí í ṣe 500 000 F CFA lánàá, di 1 000 000 lónìí, láìtíì ka owó oníbodè. Kò yani lẹ́nu bí ẹni tí ó ní Peugeot 504 nígbà náà bá yàn láti tún un ṣe. Ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ yìí, mẹkáníìkì ìgbèríko sì mọ inú rẹ̀ bí ẹní mọ inú ilé ara rẹ̀.

Lónìí, ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun ń wọ èbúté Lomé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra àlòkù, ọkọ̀ àtijọ́ náà ni ó rà; kìkì pé kò tíì mọ àìsàn rẹ̀ ni.

Ibi tí ìwé kíkà ti wúlò nìyí. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ ra ìwé kékeré kan, kí ó sì fi oṣù mẹ́ta kọ gbogbo owó àtúnṣe sílẹ̀. Ká sọ pé 40 000 F CFA ni ó ń ná lóṣooṣù. Mẹkáníìkì ní 600 000 ni òun yóò gbà fún ẹ́ńjìnnì mìíràn, pé lẹ́yìn rẹ̀ ìnáwó kò ní ju 15 000 lọ lóṣù. Èrè rẹ̀ jẹ́ 25 000 lóṣù. Yóò gba oṣù 24 kí 600 000 náà tó padà wálé. Ṣé ara ọkọ̀ yóò lo ọdún méjì sí i?

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ìdáhùn wà. Irin gígùn tí gbogbo ara ọkọ̀ gùn lé, tí à ń pè ní châssis, ni kí á fi òòlù kékeré kàn, pàápàá níbi tí àwọn ìrọ̀rí irin tí ń gbé ọkọ̀ ti so mọ́ ọn. Irin tí ó yè á dún gbọnran. Èyí tí ìpáàrà ti jẹ á máa ṣí ní pẹlẹbẹ. Ọ̀dà tuntun lè bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà kí á má ṣe fi ojú nìkan wò ó.

Àwọn mìíràn a máa yọ ẹ́ńjìnnì èsáǹsì, wọn a sì fi ti gasoil rọ́pò rẹ̀. Ti gasoil sábà máa ń wúwo jù ú lọ, bíréèkì tí ó tó tẹ́lẹ̀ sì lè máà tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè bóyá ọkọ̀ á lè gun òkè. Díẹ̀ ni ó ń béèrè bóyá á lè dúró nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Carte grise tún ń sọ irú epo tí ọkọ̀ ń lò. Bí ohun tí ó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ọkọ̀, àríyànjiyàn lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tí à ń san owó assurance fún, lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá dé.

Bí irin ìsàlẹ̀ bá ti jẹ tán, kí á má ṣe ra ẹ́ńjìnnì kankan sí i. A lè tú táyà, àga, ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ tí ó ṣì dára, kí á tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí owó wọn wọ inú owó ọkọ̀ tí ń bọ̀.